Kí Ló Ba Àwòrán Búlúù Mi Jẹ́?

 Àwọn kan lára yín rí mi nínú oṣù kọkànlá tí ìka ọwọ́ mi búlúù, ẹ sì ń bi mí bóyá bíró ló tú sí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe bíró o. Cyanotype ni mò ń ṣe, ìyẹn àwòrán tí a ń fi oòrùn tẹ̀ sórí pépà, tó máa ń jáde ní búlúù àti funfun. Mo fẹ́ sọ ohun tó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ àti bí a ṣe lè tún un ṣe, torí pé ojú mi rí nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá àgbà mi tó wà ní Abẹ́òkúta fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù kejìlá, Mọ́mì sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ bá wọn ṣe ọjọ́ ìbí náà. Fọ́tò kan wà nílé wa tí Ìyá àgbà àti Bàbá àgbà, tí wọ́n ti di olóògbé, jọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn ní Ìtokú. Mo ṣèlérí fún Mọ́mì pé màá fi búlúù tẹ fọ́tò náà, kó lè jọ àdìrẹ tí wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Pépà mẹ́wàá péré ni mo ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Mọ́mì wọ bàálù. Mo ba mẹ́fà jẹ́ nínú pépà náà kí n tó mọ ibi tí wàhálà ti ń wá.

BÁWO LÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Kẹ́míkà méjì ni a máa ń lò. Ọ̀kan ń jẹ́ ferric ammonium citrate, èkejì ń jẹ́ potassium ferricyanide. Irin wà nínú àwọn méjèèjì. Nínú ìlànà tí tíṣà tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà fi hàn wá, a máa ń po gíráàmù 25 ti àkọ́kọ́ mọ́ mìlílítà omi 100 nínú ìgò kan, a ó sì po gíráàmù 10 ti èkejì mọ́ mìlílítà omi 100 nínú ìgò mìíràn. Ọjọ́ tá a bá fẹ́ lò wọ́n la tó máa da ìwọ̀n kan náà pọ̀ láti inú ìgò méjèèjì. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí pépà nínú yàrá tí iná rẹ̀ ò pọ̀, a ó sì jẹ́ kó gbẹ nínú òkùnkùn.

Tó bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń pọ́n lọ, kò ní yẹ́lò tán, kò sì ní jẹ́ àwọ̀ ewé tán. A ó wá gbé nǹkan lé e lórí, bí ewé tàbí nẹ́gátíìfù, a ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a ó sì gbé e síta. Ìtànṣán ultraviolet tó wà nínú oòrùn á yí irin inú kẹ́míkà náà padà, á sì di búlúù tí omi ò lè fọ̀ kúrò, èyí tí wọ́n ń pè ní Prussian blue. Ibi tí ìtànṣán ò bá dé, omi á gbá kẹ́míkà ibẹ̀ lọ, pépà á sì funfun.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Herschel, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1842. Nígbà tó di 1843, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Atkins bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ àwòrán àwọn ewéko inú òkun, ó sì ń kó wọn jọ di ìwé. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ya pílánù ilé lo irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ṣe ẹ̀dà pílánù, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà blueprint ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣòro fún yín. Aládìrẹ á fi ìyẹ́ adìẹ tàbí páànù tí wọ́n gé ní bátànì fi ẹ̀kọ sí ara aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Nínú cyanotype, nẹ́gátíìfù ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ, oòrùn ló ń ṣe iṣẹ́ aró. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Màá dé ibẹ̀.

MO DÁ ALÁÌṢẸ̀ LẸ́BI

Àwòrán mi àkọ́kọ́ jáde bí aṣọ tó ti ṣá. Kò síbi tó dúdú dáadáa, kò síbi tó funfun dáadáa. Ojú Bàbá àgbà àti ògiri ẹ̀yìn wọn di ọ̀kan náà. Ohun tí àwọn onífọ́tò ń pè ní contrast ni mo pàdánù, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tó ṣú jù àti ibi tó mọ́ jù nínú àwòrán. Tí ìyàtọ̀ yẹn ò bá sí, ojú ò ní rí ohun tó máa dì mú.

Mo ní nẹ́gátíìfù ló fà á. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo jẹ́ kó ṣú sí i, mo tún un tẹ̀ sórí pépà ọ̀rá tó mọ́ gaara. Àwòrán kejì ò yàtọ̀. Mo ní oòrùn ni ò pọ̀ tó, mo fi ẹ̀kẹta síta fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Búlúù náà pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀tí, ó ní àwọ̀ eérú. Ẹ̀kẹrin, mo yí nẹ́gátíìfù padà, mo tún yí iye àkókò padà lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà mi ò tiẹ̀ mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣe kí ni. Ìkarùn-ún, bákan náà. Ẹ̀kẹfà, ó tún burú ju ìkarùn-ún lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá tíṣà mi.

Wọn ò wo nẹ́gátíìfù rárá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Irú pépà wo lo lò?" Mo ní pépà tó dáa ni o, pépà olówó ńlá, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó máa pẹ́ láyé, pé kò ní pọ́n tí ó bá gbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ láyé yẹn gan-an ló ń ba tìẹ jẹ́."

KÁÚN ÀTI ỌSÀN WẸ́WẸ́

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan ilé ìdáná ṣàlàyé rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà máa ń kan lẹ́nu, ásíìdì ló wà nínú wọn. Káún tí wọ́n ń fi sínú ewédú, omi eérú, àti ọṣẹ ìfọṣọ, òdìkejì ásíìdì ni tiwọn, álíkálì ni wọ́n ń pè é. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀kan á máa pa agbára èkejì.

Pépà tí wọ́n fẹ́ kó pẹ́, wọ́n sábà máa ń po ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ìyẹn calcium carbonate, kí ásíìdì má bàa jẹ pépà náà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ó dáa fún ìwé kíkà. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ fi pẹ́ńsù yàwòrán. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì yẹn, ẹbí káún ni. Álíkálì ni ọ̀tá Prussian blue. Ó máa ń tú búlúù náà ká, ohun tó máa kù sílẹ̀ á dà bí àwọ̀ irin tó ti dógùn-ún. Torí náà, bí oòrùn ṣe ń gbìyànjú láti kọ́ búlúù jọ lórí pépà mi, bẹ́ẹ̀ ni pépà fúnra rẹ̀ ń tú u ká lábẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé contrast ni wàhálà mi, nígbà tó jẹ́ pé pépà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, a pe Ìyá àgbà lórí fóònù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fura, ni mo bá fọgbọ́n bi wọ́n.

"Ìyá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń fi sínú aró èlú kó tó mú aṣọ?"

"Ọkọ mi, ṣé o fẹ́ di aláró ni? Omi eérú ni. Aró tí ò bá rí omi eérú tó káná, kò lè mú aṣọ. Á kàn máa wò ọ́ ni."

Ẹ ò rí nǹkan! Aró èlú ò lè ṣiṣẹ́ láìsí álíkálì, torí òun ló ń jẹ́ kí èlú lè yòrò kó tó wọnú aṣọ. Búlúù tèmi ò sì lè gbé pẹ̀lú álíkálì. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀kan ni májèlé èkejì. Ìyàtọ̀ tí mo sọ pé mo máa dé nìyẹn.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁN PÉPÀ WÒ

Ẹ má ṣe bíi tèmi kẹ́ ẹ fi odindi pépà dán nǹkan wò. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ẹ kùn ún, ẹ gbé e sínú òkùnkùn kó gbẹ. Tó bá ṣì jẹ́ yẹ́lò nígbà tó gbẹ, ìyẹn dáa. Tó bá ti di búlúù tàbí àwọ̀ eérú kó tó rí oòrùn rárá, pépà yẹn ní nǹkan tó ń bá kẹ́míkà jà nínú, tàbí kẹ́míkà yín ti pẹ́ jù, tàbí ìmọ́lẹ̀ ti kàn án.

Èkejì, ẹ po ṣíbí tíì méjì citric acid, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ìdáná, mọ́ ìdajì lítà omi. Ẹ ki pépà kékeré bọ̀ ọ́. Tó bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí a da mínírà sínú ife, ṣọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé owó ẹyọ kan lé pépà tẹ́ ẹ ti kùn, ẹ gbé e sóòrùn, ẹ fọ̀ ọ́. Lábẹ́ owó ẹyọ yẹn gbọ́dọ̀ funfun, ìta rẹ̀ gbọ́dọ̀ búlúù dáadáa. Owó ẹyọ ò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kankan kọjá, torí náà tí ìyàtọ̀ yẹn ò bá hàn kedere, ẹ má wulẹ̀ dá nẹ́gátíìfù lẹ́bi.

Tí pépà bá ní ṣọ́ọ̀kì, kò sí wàhálà. Omi citric acid yẹn kan náà ni òògùn rẹ̀. Ẹ rì í sínú rẹ̀ títí tí kò fi ní hó mọ́, ẹ fi omi ṣan án, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kùn ún. Ohun tí mo ṣe fún pépà mẹ́rin tó kù mí kù nìyẹn. Ẹni tó bá lówó lè ra èyí tí wọn ò fi ṣọ́ọ̀kì sí rárá, bíi Arches Platine tàbí Hahnemühle Platinum Rag. Ó wọ́n o, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó wà nílé kọ́ṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì nìkan kọ́ ni àléébù pépà. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń mu omi bí kànìnkànìn, kẹ́míkà á rì sínú rẹ̀, àwòrán á ṣókùnkùn láìmọ́, pépà fúnra rẹ̀ sì lè ya nínú omi. Èyí tó ń dán tó ń yọ̀, kẹ́míkà ò ní lè di ara rẹ̀ mú, gbogbo rẹ̀ á bá omi lọ. Pépà onípọn tí wọ́n ń lò fún ọ̀dà olómi ló máa ń wà láàárín méjèèjì. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì fóòmù tàbí èyí tí kò ní irin lọ́rùn, torí irin máa ń fi tóótòòtó búlúù sílẹ̀ káàkiri. Ẹ sì jẹ́ kó gbẹ tán. Mo gbé ìkarùn-ún síta nígbà tó ṣì rin, ó lẹ̀ mọ́ nẹ́gátíìfù, ó ba méjèèjì jẹ́.

NÍGBÀ TÍ PÉPÀ BÁ TI DÁA

Ìgbà yìí ló tó kan nẹ́gátíìfù àti oòrùn. Ohun mẹ́ta ni mo rí.

Tí ibi tó yẹ kó funfun bá di búlúù, ó lè jẹ́ pé yíǹkì nẹ́gátíìfù ò nípọn tó láti dá ìtànṣán dúró. Ẹ ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lo yíǹkì tó pọ̀ jù lọ, tàbí kẹ́ ẹ tẹ méjì, kẹ́ ẹ to ọ̀kan lé èkejì lórí kó ṣe rẹ́gí. Ó tún lè jẹ́ pé ó pẹ́ jù lóòrùn, tàbí pé ẹ kun pépà sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kùn ún ni kẹ́ ẹ lò ó.

Tí àwòrán bá ń bá omi lọ tó sì ń rẹ̀ dànù, oòrùn ò tó nìyẹn. Nínú oṣù keje, ìṣẹ́jú méjìlá tó mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú oṣù kọkànlá, oòrùn ò gòkè, ìtànṣán rẹ̀ ò lágbára, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-úndínláàádọ́ta. Ẹ má wo aago nìkan, ẹ wo etí pépà tí nẹ́gátíìfù ò bò. Á kúrò ní yẹ́lò, á di búlúù, lẹ́yìn náà á wá ní àwọ̀ eérú tó ń dán bíi bàbà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná. Ẹ sì ṣọ́ra fún gíláàsì férémù tí wọ́n ṣe láti dá ultraviolet dúró. Ó máa ń dáàbò bo àwòrán lára ògiri, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi tẹ pépà mọ́lẹ̀, ẹ máa dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Tí búlúù bá dúdú jù tí funfun bá sì mọ́ jù, tí kò sí nǹkan kan láàárín, contrast ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ fi fínígà díẹ̀ sínú omi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ásíìdì rẹ̀ á jẹ́ kí àwọn àwọ̀ àárín, bí òjìji etí ojú àti ìṣẹ́po aṣọ, dúró sára pépà dípò kí omi gbé wọn lọ.

Kẹ́ ẹ lè mọ iye àkókò tó tọ́, ẹ fi páálí bo pépà kékeré kan, kẹ́ ẹ máa fa páálí náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ máa rí ìlà búlúù tó ń ṣú sí i, ẹ ó sì mú èyí tó wù yín. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, bóyá pépà méjì ni ǹ bá bàjẹ́.

OMI ÀTI ỌṢẸ

Omi Lọ́ńdọ̀nù máa ń ní ẹfun nínú, ẹ wo ìdí kẹ́tù ilé yín, ẹ ó rí i. Òun náà ń ṣe bíi káún. Ìdí mìíràn nìyẹn tí fínígà fi dáa nínú omi àkọ́kọ́, ṣíbí ìjẹun méjì nínú lítà kan tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́ títí yẹ́lò ò fi ní jáde mọ́. Tèmi máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí yẹ́lò bá ṣẹ́ kù, á di àbàwọ́n níbi funfun. Tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ sínú omi di ọjọ́ kejì, búlúù á ṣá. Ẹ má tíì bínú sí àwòrán tó ṣì rin o. Atẹ́gùn á jẹ́ kí búlúù rẹ̀ jinlẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin òbí, kẹ́míkà yìí ò le púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fún un ní abọ́ tí kò ní padà sí ilé ìdáná, kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀. Fínígà àti citric acid nìkan ni ásíìdì tó gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀. Ásíìdì líle àti potassium ferricyanide ò gbọ́dọ̀ pàdé, torí afẹ́fẹ́ olóró lè jáde níbẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ lẹ tẹ àwòrán sí, ẹ má fi ọṣẹ ìyẹ̀fun fọ̀ ọ́. Álíkálì ni, ẹ sì ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Pépà keje ni mo gé wẹ́wẹ́ fi ṣe ìdánwò. Ìkẹjọ dáa, àmọ́ mo gbé e síta díẹ̀ jù. Ìkẹsàn-án ni Mọ́mì gbé lọ sí Abẹ́òkúta. Apá òsì rẹ̀ ní ìlà búrọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò lè mú kúrò, ṣùgbọ́n ojú Bàbá àgbà hàn kedere, bátànì aṣọ tó so kọ́ lẹ́yìn wọn náà hàn.

Lọ́jọ́ ìbí náà, Mọ́mì pè wá lórí fídíò. Ìyá àgbà gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ́ ojú Bàbá àgbà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ló rẹ èyí láró?"

Mo ní, "Èmi ni mà."

"Ọkọ mi, o káre. Eérú igi wo lo lò?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, eérú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ mà."

Wọ́n ní kí n tún un sọ. Ó gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú láti ṣàlàyé, bí mo ṣe ṣe é fún yín yìí.